Kí gan-an ni Agile tí àwọn ọmọ wa fẹ́ kọ́?

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo pè mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Ọmọ náà ti parí ilé-ìwé gíga, ó wá ní òun fẹ́ lọ kọ́ Agile, owó tí wọ́n sì ní kó san kì í ṣe kékeré. Màmá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Agile yìí, ṣé ẹ̀rọ ni, àbí èdè kọ̀ǹpútà ni, àbí iṣẹ́ ìjọba ni?" Mo ní kò sí èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí wá ni ọmọ mi fẹ́ sanwó fún?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí àwọn òbí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dàrú mọ́ lójú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwíà, ìyẹn ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ mi pàápàá lè to àwọn orúkọ inú Agile bíi Scrum, Sprint, backlog (àkójọ iṣẹ́ tó kù) àti stand-up (ìpàdé kúkúrú ojoojúmọ́) léra bí ẹni ń ki oríkì, àmọ́ tí mo bá bi wọ́n pé kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n, wọn kì í rí nǹkan sọ. Orúkọ ni wọ́n kọ́, wọn ò tíì kọ́ ìdí.

Ojú mi rí ìdí náà, ó sì ná mi lówó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ gbà, ilé-ìwé aládàáni kan ní kí èmi àti ẹnìkejì mi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n á fi máa ṣe èsì ìdánwò àwọn ọmọ. A jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, a kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé, àwọn àti àwa fọwọ́ sí i, wọ́n san ìdajì owó. A gbalé lọ. Oṣù márùn-ún la fi kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀lé, a ò sì padà dé ọ̀dọ̀ wọn àfi ìgbà tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, tíṣà obìnrin kan jókòó sídìí rẹ̀, ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Ọmọ tó bá wọlé láàárín táàmù ńkọ́, ibo la máa kọ máàkì tiẹ̀ sí?" A ò rí èsì fún un. Ó tún ní, "Ìdánwò kékeré mẹ́ta là ń ṣe kí táàmù tó parí, méjì péré ni mo rí níbí." Ó wá béèrè bóyá ó máa ṣí lórí fóònù, torí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé-ìwé náà, ọ́fíìsì ọ̀gá ló sì wà. Kò ṣí lórí fóònù.

Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà nínú ìwé la ṣe, wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oṣù márùn-ún la tú ká, tí a sì tún ṣe lówó ara wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè mẹ́ta yẹn ò gba obìnrin náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ká ní a gbé ojú ewé kan péré lọ fi hàn án ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó kàn lè gba orúkọ àti máàkì, gbogbo ohun tó sọ lóṣù karùn-ún ni ì bá ti sọ.

Ohun tí Agile, èrò kan lórí bí a ṣe ń ṣe sọ́fítíwíà, wá tún ṣe nìyẹn. Ó ń gé àkókò tó wà láàárín ìgbà tí a ṣe nǹkan àti ìgbà tí a mọ̀ bóyá ó dáa kúrú. Gbogbo yòókù, ìpàdé àti káàdì àti orúkọ oyè, ìdí kan yẹn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọ̀nà tí èmi àti ẹnìkejì mi gbà ṣiṣẹ́ lórúkọ tiẹ̀. Waterfall ni wọ́n ń pè é, bí omi tó ń já láti orí àpáta, tí kò lè padà gòkè mọ́: kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, ya àwòrán rẹ̀, kọ kóòdù rẹ̀, dán an wò, gbé e fún ẹni tó ni ín. Tí o bá ti kúrò níbì kan, o ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Winston Royce, ya àwòrán àwọn ìpele yìí sínú àpilẹ̀kọ kan ní 1970, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbé àwòrán náà lọ láì ka ohun tó kọ tẹ̀lé e. Ohun tó kọ ni pé ó léwu láti ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìparí pátápátá ni ìdánwò wà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti máa ń yọjú.

Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ju tiwa lọ náà ti kó sínú rẹ̀. FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Virtual Case File, èyí tí wọ́n fẹ́ fi máa tọ́jú fáìlì ẹjọ́. Ní 2005, wọ́n pa á tì lẹ́yìn tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 170 dọ́là ti wọlé sí i. Sentinel tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ lọ, kí wọ́n tó yí i sí Agile, tí wọ́n dín iye àwọn tó ń ṣe é kù, tí wọ́n sì ń ṣe é ní ègé-ègé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012.

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, àwọn èèyàn 17 tó ń ṣe sọ́fítíwíà, tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sú, pàdé ní Snowbird, láàárín àwọn òkè Utah ní Amẹ́ríkà. Kent Beck wà níbẹ̀, Martin Fowler wà níbẹ̀, Ward Cunningham, Ken Schwaber àti Jeff Sutherland náà ò gbẹ́yìn. Kálukú ló ti ní ọ̀nà tirẹ̀ kó tó débẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n fi orúkọ Agile pè, ò kún ojú ewé kan. Wọ́n ní àwọn ka èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sí ju ìlànà àti irinṣẹ́ lọ. Wọ́n ka sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ sí ju ìwé àlàyé rẹpẹtẹ lọ. Wọ́n ka kí àwọn àti oníbàárà jọ máa ṣe é sí ju kí wọ́n máa fa àdéhùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ. Wọ́n sì ka kéèyàn lè yí padà nígbà tí nǹkan bá yí sí ju kó rọ̀ mọ́ ètò tó ti ṣe sílẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ "ju" yẹn. Wọn ò ní kí ẹ má kọ ìwé, wọn ò ní kí ẹ má ṣe àdéhùn. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn nǹkan tó kù náà níyì. Mo ti pàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé "Agile là ń ṣe" láti fi bò ó pé wọn ò ṣètò kankan, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, wọn ò sì dán iṣẹ́ wọn wò. Àìbìkítà nìyẹn, ó sì ń ba àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí láti ìlú bíi tiwa lórúkọ jẹ́.

Àwọn orúkọ tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀ náà tún ń ṣi èèyàn lọ́nà. Sprint túmọ̀ sí eré àsápajúdé, àwọn ọ̀gá kan sì rò pé Agile ni kí ọmọ iṣẹ́ máa sáré tọ̀sán-tòru. Lára ìlànà 12 tí àwọn èèyàn Snowbird kọ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀kan sọ ọ́ kedere pé ìwọ̀n eré tí ikọ̀ bá ń sá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè máa sá lọ láìdá. Ẹ wo ẹni tó mọ bàtá jó. Etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ onílù. Bí ìlù bá ṣe yí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí. Ẹni tó kàn ń ju ẹsẹ̀ kíákíá láì gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, agbára ló ń lò ṣòfò.

Àwọn aláró ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù lọ. Òṣogbo ìlú aró là ń ki ìlú wa, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà níbí lọ jókòó ti ìyá tó ń pa adìrẹ láró lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ti fi ẹ̀kọ ya àrà sára aṣọ, ẹ̀kọ ti gbẹ. Ó ki aṣọ bọ inú ìkòkò aró, kò pẹ́, ó fà á jáde. Àwọ̀ tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe búlúù rárá. Ó dà bí ewé tútù tó fẹ́ pọ́n. Ó ta á sí atẹ́gùn. Ìṣojú yín ló máa ṣẹlẹ̀: atẹ́gùn á máa sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀. Ìyá gbé e sókè síhà oòrùn, ó wò ó, kò tíì tó. Ó tún ki aṣọ bọ inú ìkòkò, ó tún fà á yọ, ó tún ta á. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí á fi dúdú bó ṣe fẹ́. Inú ìkòkò ni aró wà, àmọ́ ìta, nínú atẹ́gùn, ni àwọ̀ ti ń jáde. Ìyá tó bá fi aṣọ sílẹ̀ sínú ìkòkò ò tíì mọ àwọ̀ tó pa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòdù. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí láàpútọ́ọ̀pù wa nínú yàrá, kò tíì láwọ̀. Ìgbà tí ẹni tó máa lò ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ni àwọ̀ rẹ̀ ń yọ. Ohun tí Agile ń sọ ni pé ká máa fà á yọ lóòrèkóòrè.

Ibì kan wà tí aró àti kóòdù ti pínyà, ibẹ̀ sì ni mo máa ń ní kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó bá ti mu aró jù, kò ṣeé dá padà. Kóòdù ṣeé dá padà, bí ẹ bá ń lo Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣe ègé kan tó ṣiṣẹ́, ẹ fi í pamọ́ sínú rẹ̀. Tí èyí tó tẹ̀lé e bá bàjẹ́, ẹ padà sórí ti àná. Ẹni tí kò lè padà sẹ́yìn á máa bẹ̀rù àtiyí nǹkan padà, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù ìyípadà ò lè ṣe Agile, bó ti wù kí ìpàdé rẹ̀ pọ̀ tó. Git ò nílò dátà láti fi iṣẹ́ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ Git sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ máa nílò dátà. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ láì dágbére, ègé kékeré tí ẹ ti fi pamọ́ sàn ju iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó ṣì wà lójú tábìlì lọ.

Scrum wá ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí Agile ni, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Agile ni èrò, Scrum jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mú èrò náà ṣẹ, ó sì ti wà ṣáájú ìpàdé Snowbird, torí 1995 ni Schwaber àti Sutherland gbé e jáde. Inú eré rugby ni orúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí àwọn eléré ti máa ń fi èjìká ti ara wọn papọ̀. Sprint ni wọ́n ń pe àkókò tí ikọ̀ fi ń ṣe ègé iṣẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ, ọ̀pọ̀ ikọ̀ sì ń lo ọ̀sẹ̀ méjì. Product Owner ló ń pinnu èyí tó yẹ kó ṣáájú, Scrum Master ń rí i pé ìlànà yé ikọ̀, ó sì ń mú ìdènà kúrò lọ́nà, àwọn yòókù ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Lójoojúmọ́, ìpàdé ìṣẹ́jú 15 wà. Nígbà tí Sprint bá parí, wọ́n á fi iṣẹ́ han àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n á sì bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe dáa ju èyí lọ.

Ìpàdé ìṣẹ́jú 15 yẹn ni mo ti rí tó ń bàjẹ́ jù. Ó ti di ìgbà tí ọ̀gá ń pe orúkọ bíi ti kíláàsì, tí kálukú ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há lè sọ ọ́ láàárọ̀, kí ẹlòmíì gbà á kí ọjọ́ tó lọ.

Fún ẹni tó ń dá ṣe, tàbí ẹni méjì, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kanban ló wù mí jù. Toyota ní Japan ló ti wá. Taiichi Ohno àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń fi káàdì sọ fún ara wọn pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti tán níbí, ẹ ṣe òmíràn wá. Tiwa rọrùn: ẹ pín ara ògiri sọ́nà mẹ́ta, ẹ kọ "Ó kù," "Ó ń lọ lọ́wọ́," àti "Ó ti parí" sórí rẹ̀, kí ẹ máa ti ègé ìwé láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àárín ni àṣírí wà. Ìwé tó bá wà ní "Ó ń lọ lọ́wọ́" ò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń lé mẹ́jọ pọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá oníresì ni mo fẹ́ padà sí. Mo ní kí ọmọ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ta ni oníbàárà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ní òun ò ní. Mo ní o ní, ìyá rẹ ni. Màmá ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, etí rẹ̀ ti ká, òróró ti kán sí i, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí Màmá ò rántí bóyá wọ́n ti san.

Káàdì àkọ́kọ́ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ò ní èdè kọ̀ǹpútà kankan nínú. Ẹni tó fẹ́ nǹkan, ohun tó fẹ́, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe ló wà níbẹ̀: "Èmi ìyá oníresì fẹ́ rí gbogbo ẹni tó jẹ mí lójú kan, kí n lè mọ ẹni tí mo máa tà fún láwìn lónìí." Apá tó kẹ́yìn yẹn ni mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan fò. Òun ló ń sọ fún un pé Màmá ò wá ìṣirò tó gùn. Ìpinnu kan ni wọ́n fẹ́ ṣe níwájú oníbàárà tó dúró.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ ṣe ojú ewé kan fún fóònù: orúkọ, orúkọ ìdílé, nọ́ńbà fóònù, iye owó. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé? Ìyá Ìbejì ni mo mọ̀ ọ́n sí." A ṣí ìwé gbèsè. Òótọ́ ni: Ìyá Ìbejì, Bàbá Wẹ́dà, Àlàájà Òkè-Fìà, Màmá Sodiq. Ọmọ yọ àpótí mẹ́ta kúrò, ó fi ọ̀kan rọ́pò wọn, ó kọ "Orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n sí" sórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó jẹ 7,500 náírà san 2,000, kò sì síbi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ lọ jókòó sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀, ó wá rí i pé kóńgò wà lọ́wọ́ kan Màmá, ọwọ́ kejì nìkan ló kù fún fóònù, oòrùn sì ń tàn sójú rẹ̀. Ó sọ bọ́tìnnì di ńlá, ó sọ lẹ́tà di dúdú kirikiri. Kò sí èyí tó lè wà nínú àdéhùn nínú gbogbo ìyẹn, torí Màmá fúnra wọn ò mọ̀ pé ó yẹ káwọn sọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ bá sọ pé káàdì kan ti parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi í: "Ṣé ó wà lórí fóònù Màmá?" Tó bá jẹ́ orí láàpútọ́ọ̀pù tiẹ̀ nìkan ló wà, ó padà sí àárín.

Ní ti sátífíkéètì, ìwé tí Schwaber àti Sutherland fi ṣàlàyé Scrum, Scrum Guide, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀dà 2020 rẹ̀ ò sì tó ojú ewé 20. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó fẹ́ kà á sí yín létí. Ìdánwò sátífíkéètì PSM I (Professional Scrum Master) ti àjọ Scrum.org ní ìbéèrè 80 fún ìṣẹ́jú 60, ẹ gbọ́dọ̀ gba 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì di dandan kí ẹ gba kíláàsì kí ẹ tó ṣe é. Sátífíkéètì CSM (Certified ScrumMaster) ti àjọ Scrum Alliance ní tiẹ̀ ń béèrè kíláàsì. Fún ẹni tó ti bá ikọ̀ ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan sí méjì, ó lè ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí kò tíì ṣe ohun tí ẹnì kan péré ń lò, kó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tó máa gbà yín síṣẹ́ máa béèrè ohun tí ẹ ṣe, ìgbà tó bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe mọ̀ pé ó bàjẹ́.

Ẹ mú èdè kọ̀ǹpútà kan, Python tàbí JavaScript, kí ẹ dúró tì í. freeCodeCamp, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ méjì tí láàpútọ́ọ̀pù yín jẹ́ ọ̀kan, ẹ má rò pé ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn: ọ̀nà tí Kent Beck ń pè ní Extreme Programming fẹ́ kí ẹni méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́, kí èkejì máa wò ó, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ọwọ́. Àwọn ọmọ tí mo rí tó tètè dàgbà nínú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kí ẹ sì kọ́ bí ẹ ṣe máa bi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá tó dá ṣáká, torí èdè tí Màmá fi ń rò ni wọ́n máa fi sọ ohun tó ń dùn wọ́n.

Ní Sátidé tó kọjá, Màmá pe ọmọ wọn sí ìsọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ wọ́n lówó ti kú, wọ́n sì ti lọ bá àwọn ọmọ olóògbé náà pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. "Mi ò lè kọ ọ́ pé ó san," ni Màmá wí, "torí kò san. Mi ò sì fẹ́ máa rí i lára àwọn tó jẹ mí mọ́." Ọmọ náà wo fóònù, ó wo ìyá rẹ̀. Nígbà tó délé, ó gé ìwé kan, ó kọ "Gbèsè tí Màmá fojú fò" sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ "Ó kù."